Ṣé Òwe Ni Ikú Ẹlòmíì?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Lọ́jọ́ tí Beirut bú gbàmù, inú mi dùn. N ò jó, n ò pariwo, ṣùgbọ́n ọkàn mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá na ọmọ tó ti ń fìyà jẹ àwọn kékeré ní kíláàsì. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ síta. Mo ní, "Ó tọ́ sí wọn." Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn ti ń bá mi ṣẹjọ́. Mo wá rò ó pé kí n kúkú gbé ẹjọ́ náà wá síwájú yín, torí n ò rò pé èmi nìkan ni mo jẹ irú ẹ̀bi yìí rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2020. Àrùn Kòrónà ti lé wa kúrò nílé ìwé, SS2 ni mo wà nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù Màmá àgbà mi ní Gbági ni mo sì ń lọ jókòó sí lójoojúmọ́. Gbági àtijọ́ ni mo ń wí o, kì í ṣe Gbági tuntun tó wà lọ́nà Ifẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣọ ń kó lọ sọ́hùn-ún, Màmá ní àwọn ò lọ ní tàwọn, pé ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn mọ ibi tí àwọn wà. Bí ẹ bá ti Mápó tàbí Bẹẹrẹ sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ sì kọjá odò Ògùnpa, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ nìyẹn. Òpópónà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lebanon Street. Àìmọye ìgbà ni mo ti gba ibẹ̀ kọjá láì bi ara mi pé kí ni orúkọ ìlú onílùú ń wá láàárín Ìbàdàn.

Màmá ló là mí lọ́yẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀ lé e, àwọn oníṣòwò láti Lẹ́bánónì náà sì dé, wọ́n ń ta aṣọ. Àwọn àgbà kì í pè wọ́n ní ará Lẹ́bánónì. Kóráà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ní iyùn ni àwọn tó kọ́kọ́ dé ń kiri tà. Ọ̀dọ̀ Kóráà ni Màmá ti ń gba ọjà láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní omidan. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń dárúkọ Lẹ́bánónì ní ṣọ́ọ̀bù wa, kì í ṣe ìlú orí máàpù lásán.

Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti kọjá lọ́dọ̀ tiwọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò ti kún orí fóònù gbogbo ọjà. Ẹ̀yin náà rí i. Èéfín ń rú ní èbúté, nǹkan ń ta pàrà pàrà nínú rẹ̀ bí bánígà ọdún Kérésì, lẹ́yìn náà ni ìkùukùu funfun kan wú bí olú, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì, ilé, ọkọ̀, àti ọwọ́ ẹni tó ń ya fídíò náà. Wọ́n gbọ́ ariwo rẹ̀ dé erékùṣù Cyprus, tó jìnnà ju 200 kìlómítà lọ. Mo fi han Màmá. Mo fi han Àǹtí mi, àbíkẹ́yìn Màmá, tó jókòó sórí àpótí tó ń ká aṣọ. (Ẹ má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa fi "ó" pe òun nínú àròkọ yìí, kí òun má baà dàrú mọ́ àwọn ará Beirut lójú yín.) Ìgbà náà ni mo sọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí. Àǹtí ti gbé Beirut. Ní 2017, ẹnì kan tí a mọ̀ ládùúgbò wa ní Bẹyẹrúnkà wá bá a pé iṣẹ́ irun ṣíṣe wà ní Lẹ́bánónì, owó dọ́là. Ìgbà tó débẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló bá. Ìyáálé tó gbà á síṣẹ́ gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Kafala ni wọ́n ń pe ètò yẹn: orúkọ ọ̀gá rẹ ló wà lórí ìwé ìgbélùú rẹ, bí o bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ láì gbàṣẹ, o ti di arúfin nìyẹn. Aago márùn-ún ni Àǹtí ń jí. Bákónì tí wọ́n fi gíláàsì dí ló ń sùn sí. Bí àwọn onílé bá ń jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní ìparí 2019, tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ tí dọ́là wọ́n, wọ́n dá a padà sílé bí ẹní dá ọjà tí kò tà padà. Owó oṣù márùn-ún ṣì wà lọ́rùn wọn títí dòní.

Òun nìkan kọ́ o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sí ojú ìwé tí wọ́n ti ń ra ọjà lórí Facebook, ó ní 1,000 dọ́là lòun ń tà á. Kí ìjọba wọn tó mú un, gbogbo wa ti rí i. Ní ìdajì ọdún yẹn kan náà, àwọn ọ̀gá kan ń já àwọn ọmọbìnrin Etiópíà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú ìlú wọn ní Beirut, nítorí pé owó tí wọn yóò san fún wọn ti tán. Ẹ fi ara yín sípò mi. Ẹ wo fídíò yẹn pẹ̀lú ojú tó ti rí gbogbo èyí, kí ẹ wá sọ fún mi pé ẹ̀san kọ́ ló kọ́kọ́ máa wá sí yín lọ́kàn.

Àǹtí ò dá mi lóhùn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún fídíò náà wò, ó tún un wò lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojúlé. Ó ní, "Ilé wa ló yẹ kó wà níbí yìí." Ilé wa! Ilé tí wọ́n ń tì í mọ́. Ó bá bú sẹ́kún.

Mo ní, "Àǹtí, ṣé àwọn èèyàn yẹn lẹ ń sunkún fún?"

Ó gbójú sókè. "Àkànní, ta ló bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi bínú?"

N ò rí ohun kan sọ. Títí di òní, n ò tíì rí èsì gidi fún ìbéèrè yẹn.

Ọmọkùnrin kan wà nílé náà. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí Àǹtí dé, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó kúrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ náà ti ń sùn. Ó ti gbọ́ "wá jẹun", ó ti gbọ́ "ó tó". Ọmọbìnrin Etiópíà kan sì wà ní fúláàtì tó kọjú sí tiwọn, tí òun náà ò gbọdọ̀ jáde. Láti bákónì sí bákónì ni àwọn méjèèjì fi ń tàkúrọ̀sọ, pẹ̀lú Lárúbáwá tí wọ́n kọ́ nínú kíṣìnì. Àwọn méjì yìí ni Àǹtí ń wá nínú fídíò. Ó pe nọ́ḿbà ọmọbìnrin náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò lọ. Ó pè é lọ́jọ́ kejì, kò lọ.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò díẹ̀. Láti Gbági, Lẹ́bánónì jẹ́ èèyàn kan ṣoṣo. Ó lórí kan, ó lọ́wọ́ kan, ọwọ́ yẹn ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Àǹtí mi. Nígbà tí iná wá jó o, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni iná jó, ẹjọ́ tán. Ohun tí jíjìnnà ń ṣe fún ojú nìyẹn, ó ń sọ mílíọ̀nù èèyàn di ẹnì kan tí a lè fẹ́ràn tàbí kí a kórìíra láì ṣe wàhálà. Ẹ wá wo àwọn tó kú. Ó lé ní 200 èèyàn, àwọn tó farapa tó 7,000, àwọn tí ilé wọn kò ṣeé gbé mọ́ tó 300,000. Panápaná mẹ́wàá wà nínú àwọn tó kú. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pa iná, ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tó wà nínú ilé náà fún wọn. Àwọn ará Síríà tó ń ṣe lébìrà kú, àwọn ará Etiópíà kú, àwọn ará Bangladesh kú, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ bíi ti Àǹtí mi. Ẹ̀san tí mo ń yọ̀ sí ti pa nínú àwọn tí mo rò pé mò ń gbẹ̀san fún.

Àwọn tó mọ̀ nípa ewu náà ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Rhosus ló gbé 2,750 tọ́ọ̀nù ammonium nitrate dé Beirut ní 2013, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ tí wọ́n sì tún fi ń fọ́ àpáta. Wọ́n kó o sínú ilé ìkẹ́rùsí kejìlá ní èbúté, wọ́n sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Láàárín 2014 sí 2017, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kọ lẹ́tà mẹ́fà sí ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ nǹkan yìí. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2020, ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú, lẹ́tà lórí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Michel Aoun àti olórí ìjọba, Hassan Diab. Adájọ́ tó kọ́kọ́ ń wádìí rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ ní oṣù kejì 2021. Èyí tó gbà á, Tarek Bitar, àwọn alágbára fi ẹjọ́ lóríṣiríṣi dá a dúró fún ọdún púpọ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, wọn ò tíì dá ẹnì kankan lẹ́bi lórí rẹ̀ nílé ẹjọ́.

Mo wá yí padà. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi o, torí pé ibi tí mo yí sí ni mo rò pé ó burú jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo wa lórí fóònù ti ń sọ pé ìjọba wọn dà bí tiwa gẹ́lẹ́. À ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré kiri, bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. A rí àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa tí wọ́n gbé ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì, tí wọ́n ń gbá gíláàsì ní Gemmayzeh àti Mar Mikhael, nígbà tí ìjọba ò yọjú. Ní Geitawi, wọ́n sọ ilé epo kan tí wọ́n ti pa tì di ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ àti oògùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ìpàdé, wọ́n ṣèlérí owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 253 mílíọ̀nù yúrò, wọ́n sì ní ọ̀dọ̀ ará ìlú ni kó lọ tààrà. Gbogbo ayé mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá gba ọwọ́ ìjọba kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ìjọba Diab kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Sri Lanka fi tíì tó lé ní 1,600 kìlógíráàmù ránṣẹ́ sí àwọn tí ìjàǹbá náà kàn. Nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè ibi tó wọlé sí, ọ́fíìsì Ààrẹ ní wọ́n ti pín in fún ẹbí àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ Ààrẹ. Ìyẹn pa wá lẹ́rìn-ín gan-an. Bó bá jẹ́ tíbí ni, à bá ti rí tíì náà ní ọjà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Kò sì pẹ́ tó kàn wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àwọn èrò já ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà sí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní palliative, ní Èkó, ní Ẹdẹ, ní Ìlọrin, ní Jos. Mo rántí pé mo kọ ọ́ sórí status mi pé tiwọn ni ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n kó ikú sí tí wọn ò kó o jáde, tiwa ni èyí tí wọ́n kó oúnjẹ sí tí wọn ò kó o jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́tí. Èèyàn mẹ́rìnlélógójì ló kà á. Mo fi fọ́nnu fún Àǹtí.

Ó kà á, ó dá fóònù padà fún mi. Ó ní, "Ṣé ìyẹn ni wọ́n kú fún, kí ìwọ lè rí nǹkan kọ?"

Àwọn àgbà wa ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe yìí kọ́ wa, mo sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, pé kí èèyàn fi tẹlòmíì kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó láti ìhà kejì, láti ọ̀dọ̀ ojúgbà tó kú. Ṣé òwe lòun ń pa? Panápaná tó ń sáré lọ síbi iná, ṣé ó mọ̀ pé àpẹẹrẹ lòun máa dà fún ọmọ SS2 kan ní Gbági tó ń wá ọ̀nà láti bú ìjọba tirẹ̀? Nígbà tí mo ní "ó tọ́ sí wọn", mo sọ wọ́n di ẹlẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí mo ní "àwa náà nìyí", mo sọ wọ́n di dígí. Nínú méjèèjì, ara mi ni mò ń wò. Ó tiẹ̀ ṣe mí bíi pé ti àkọ́kọ́ sàn ju ìkejì lọ, torí pé ẹni tó ń kórìíra èèyàn ṣì gbà pé onítọ̀hún wà lótọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa yìí, nígbà tí mo kà á fún un, ní àsọdùn ni mò ń sọ. Ó ní ìbínú mi ò dé Beirut, àánú mi náà ò débẹ̀, èmi ò sì gbé bíríkì kan ṣoṣo kúrò lórí ẹnikẹ́ni, dátà lásán ni mo jó. Ó tún béèrè pé ta ló bá àwa sunkún nígbà tí omi gbé èèyàn tó lé ní 100 lọ ní Ìbàdàn yìí kan náà lóru ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011? Òótọ́ ni apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò lè jà á. Apá kejì ni n ò gbà. Ó ń bá àánú lò bí èésú, pé kí kálukú dá tirẹ̀ kó lè kàn án lọ́la. Bó bá jẹ́ èésú ni, ẹni tó jìnnà jù, tí kò ní láǹfààní àtibá wa dá a láéláé, á kú láìsí ẹni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ògùnpa kún, ó sì ya. Ó ti yà ṣáájú, ní 1960, ní 1978, ṣùgbọ́n ti 1980 ló gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ. Omíyalé ni àwọn àgbà ṣì ń pè é. Ìsọ̀ Màmá wà nítòsí odò náà. Omi kó gbogbo rẹ̀, aṣọ, tábìlì, títí kan ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn onígbèsè sí. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn fi tò sórí ìlà ní ilé ìwé kan tí wọ́n ti ń pín búláńkẹ́ẹ̀tì àti ìrẹsì, ó tán kó tó kan àwọn, ẹni tó ń pín in ò sì bojú wẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Kóráà tí wọ́n ń bá nájà ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ní kí wọ́n kó ìdì aṣọ mẹ́fà ní àwìn, kí wọ́n san án bó bá ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọdún kan àbọ̀ ni Màmá fi san án, wọ́n sì san án pé. Ọkùnrin yìí kan náà, Màmá ní ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi àga lọ àwọn rí. Ìdúró ni wọ́n máa ń wà níwájú káńtà títí á fi dá wọn lóhùn. Bí òyìnbó bá wọlé, òyìnbó á jókòó.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Beirut bú gbàmù, kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù, Màmá gbàdúrà fún "àwọn Kóráà wa". Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ẹni tí kò fi àga lọ̀ yín rí?"

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé kò fi àga lọ̀ mí. Mo sì mọ̀ pé ó fún mi láṣọ. Èwo lo fẹ́ kí n gbàgbé nínú méjèèjì?"

Ìṣirò ni èmi ń ṣe, kí n yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, kí n mọ iye tó ṣẹ́ kù, kí n lè mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí ìkórìíra. Màmá ò yọ ohun kankan kúrò nínú ohun kankan. Àǹtí náà bẹ́ẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé ṣé ó ti dárí ji ìyáálé yẹn ni, àbí kí ló dé tó fi ń sunkún. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó ní òun ò dárí jì í, òun ò sì ní dárí jì í àfi tó bá san owó oṣù márùn-ún òun. "Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn kàn nínú kí ilé wó lu ọmọ?" Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé àánú àti ìdáríjì, ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ẹni tó bá fẹ́ káàánú ìlú kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ìlú náà láre. Ìdí nìyẹn tí mo fi di àánú mi mú, kí n má baà dá wọn láre lórí ọ̀rọ̀ Àǹtí. Àǹtí tí wọ́n ṣẹ̀ ò sì di nǹkankan mú. Ó káàánú, ó sì tún ń béèrè owó rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣèpàdé náà ń wá nǹkan tó jọ ìyẹn, bí ẹ bá wò ó dáadáa: bí wọ́n ṣe lè ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láì ran àwọn tó pa wọ́n lọ́wọ́. Ó ṣòro fún wọn ju ti Àǹtí lọ, torí owó kò mọ ojú. Bó bá ti wọ ìlú, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò síwájú ìlà ló máa ń kọ́kọ́ rí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo rò pé àwọn kan nínú yín ṣì rántí. Àwọn adóólà ẹ̀mí láti Chile mú ajá kan wá sí Gemmayzeh. Ajá náà dúró síwájú òkìtì ilé kan tó wó, kò kúrò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tì í, ẹ̀rọ ní ó dà bíi pé nǹkan kan ń mí lábẹ́ rẹ̀. Oṣù kan ti kọjá lórí ìbúgbàmù náà! Gbogbo òpópónà dákẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí ara ògiri tó kù lè wó, àwọn èrò sì fárígá, wọ́n ní bí kò bá sí ẹni tó máa gbẹ́ ẹ, àwọn á fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Àǹtí ń wò ó láti Bẹyẹrúnkà, ó jókòó sórí ìtẹ́lẹ̀ àgbàlá, fóònù rẹ̀ wà lára wáyà pawabáǹkì mi. Kò sí iná mànàmáná lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó tì í. N ò ronú nípa ìjọba ẹnikẹ́ni. N ò rántí ìyáálé kankan. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí ohun tó ń mí yẹn jẹ́ èèyàn. Wọ́n gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò bá ẹnì kankan láàyè níbẹ̀.

N ò mọ ohun tí wọ́n ń pe nǹkan tó ṣe mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n ò sì lè sọ pé ó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe òwe.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọbìnrin Etiópíà náà dá Àǹtí lóhùn. Fóònù rẹ̀ ló fọ́. Gíláàsì bákónì ya á lápá àti lójú, ṣùgbọ́n ó ń bẹ. Ó padà sí Addis Ababa lọ́dún kejì. Ti ọmọkùnrin náà, a ò gbọ́ nǹkankan. Nọ́ḿbà àwọn òbí rẹ̀ ò lọ mọ́. Yóò ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Ní 2024, nígbà tí bọ́ǹbù ogun Ísírẹ́lì tún ń já lu Beirut, Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò, ó tún ń fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, a wà nílé ní Bẹyẹrúnkà nígbà tí ilẹ̀ mì, tí àwo já lulẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá. Bódìjà ni. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn márùn-ún kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ farapa, ilé wó lọ bẹẹrẹbẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lórí fóònù pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, wọ́n ń gbé fọ́tò Beirut àti ti Bódìjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi. Mo pa á rẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ohùn ọmọbìnrin Etiópíà yẹn wọlé sórí WhatsApp Àǹtí, pẹ̀lú Lárúbáwá inú kíṣìnì wọn, ó ń sáré sọ̀rọ̀. Àǹtí túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní òun ti ń wo fídíò Ìbàdàn láti àná, òun ò mọ èwo ni ilé wa nínú rẹ̀. Àǹtí ní kí n jáde, kí n bá òun ya fọ́tò iwájú ilé. Mo yà á. Ewúrẹ́ kan dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò kúrò títí mo fi yà á tán, bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí fi í ránṣẹ́, tòun ti ewúrẹ́.